Mo fẹ́ máa gba ewì àti dùndún sílẹ̀ nínú yàrá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́: kí ni kí n kọ́kọ́ rà?

Adúnní Tákíè

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, gbogbo ilé. Ẹ̀yin àgbà, mo júbà. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín.

Olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí, ẹ̀yìn Tákíè ni mò ń gbé. Mo máa ń ké ewì níbi ìsọmọlórúkọ àti ìṣílé. Àyàn ni àbúrò bàbá mi, àwọn ló ń fi ìyáàlù tẹ̀ lé mi lẹ́yìn. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún báyìí. Lọ́dún tó kọjá a gbé ewì méjì lọ sí sítúdíò kan. Ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ bọ̀wọ̀ fún wa, ṣùgbọ́n wákàtí ni wọ́n ń kà, owó ń lọ, ọkàn mi ò balẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì jẹ́ ká gbọ́ ọ padà, ìlù Bàbá ti dà bí ìgbà tí èèyàn ń lu ike. Bàbá ò sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn fi aṣọ bo ìlù wọn, a sì lọ sílé. Ó dùn mí títí di òní.

Mo fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí fúnra mi. Mo ní laptop Windows tí RAM rẹ̀ jẹ́ 8GB, SSD rẹ̀ 256GB, mo sì ní fóònù Android. Owó tí mo ti rí kó jọ jẹ́ 220,000 náírà. Yàrá mi ò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sí mẹ́wàá lọ, ògiri símẹ́ńtì, páànù lókè. Ṣé máìkì ni kí n kọ́kọ́ rà ni àbí kíbọ́ọ̀dù? Sọ́fítíwíà wo ni kí n lò? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.


Ẹnjiníà Kínnírà

Àǹtí Adúnní, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìtọ́jú Bàbá.

Ẹ má tíì yọ kọ́bọ̀ nínú owó yẹn. Ẹ wọ yàrá náà lálẹ́ tí gbogbo ilé bá ti dákẹ́, ẹ dúró sí àárín rẹ̀, ẹ pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, kó le dáadáa. Ẹ wá tẹ́tí sílẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ ìró kan tó ń gbọ̀n "tíín" lẹ́yìn àtẹ́wọ́ náà, ìró yẹn ni máìkì máa gbọ́ lẹ́yìn gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá ti ẹnu yín jáde. Kò sí máìkì olówó iyebíye tó lè bá yín yọ ọ́ kúrò. Kódà, bí máìkì bá ṣe dára tó ló ṣe máa gbọ́ ọ tó.

Ògiri líle tó kọjú síra ló ń fà á. Ohùn á lọ gbá ti ọ̀tún, á tún padà wá gbá ti òsì, á máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí á fi rẹ̀ ẹ́. Nǹkan tó nípọn tó sì rọ̀ ló ń gbé e mì. Mátírẹ́ẹ̀sì tí ẹ ń sùn lé, ẹ gbé e nàró lẹ́yìn ara yín. Kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ, ẹ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu. Bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì tàbí aṣọ òfì àtijọ́, ẹ so ó kọ́ sórí okùn, kó fi díẹ̀ jìnnà sí ògiri. Ẹ tẹ́ ẹní tàbí kápẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Àwọn kan á ní kí ẹ lọ ṣa páálí ẹyin jọ kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ẹ má ṣe wàhálà yẹn. Páálí ẹyin fẹ́lẹ́ jù, ohùn tó wúwo á gba inú rẹ̀ kọjá bí ẹni pé kò sí níbẹ̀.

Ibi tí máìkì kọjú sí náà tún ṣe pàtàkì. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí ẹ máa rí lọ́jà, iwájú ni wọ́n fi ń gbọ́ràn, ẹ̀yìn wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ di. Torí náà, ẹ̀yìn máìkì ni kó kọjú sí fèrèsé tí ariwo ń gbà wọlé, kí aṣọ àti mátírẹ́ẹ̀sì wà lẹ́yìn yín, torí ibẹ̀ ni ojú máìkì ń wò. Òdì kejì rẹ̀ ni mo máa ń bá nílé àwọn èèyàn: fóòmù á wà lẹ́yìn máìkì, ògiri lásán á wà lẹ́yìn akọrin.

Tí ẹ bá ti ṣe ìyẹn tán, ẹ wá ra interface kékeré kan, máìkì dynamic kan, wáyà XLR tó ń so máìkì mọ́ interface, irin tí a ń fi máìkì sí, àti hẹ́dífóònù tó bo etí. Interface ni àpótí tó ń gba ohùn láti ara máìkì, tó ń sọ ọ́ di nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà lè tọ́jú. Focusrite Scarlett Solo àti Behringer UM2 wà lára àwọn tí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ ń rà. Wáyà USB ni wọ́n fi ń gba iná lára laptop, wọn ò nílò sọ́kẹ́ẹ̀tì. Bó bá jẹ́ àlòkù lẹ fẹ́ rà, ẹ gbé laptop yín dání lọ, ẹ dán an wò lójú ẹni tó ń tà á kí ẹ tó sanwó.

Mo ní dynamic, mi ò ní condenser, ìdí rẹ̀ nìyí. Condenser ń gbọ́ kínníkínní, ó sì nílò iná 48 volt tí interface ń gbé fún un. Yàrá tí a ti tọ́jú dáadáa ló yẹ ẹ́. Lábẹ́ páànù, tí jẹnẹrétọ̀ ará ilé kejì ń ké níta, ilé kejì ni yóò máa gbà sílẹ̀ fún yín. Dynamic irú Shure SM58, tí wọ́n ti ń ṣe láti ọdún 1966, lè gba ariwo ìlù mọ́ra láìya, ẹ lè fẹnu sún mọ́ ọn, kò sì nílò 48 volt rárá. Ayédèrú rẹ̀ pọ̀ lọ́jà, ẹ mú ẹni tó mọ̀ ọ́n dání.

Kíbọ́ọ̀dù lè dúró. Ohùn àti ìlù lẹ fẹ́ gbà.


Ọmọ LAUTECH

Màámi, ẹ kú alẹ́ ma. Under G ni mo wà. Kí owó tó jáde, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ lórí fóònù yẹn lónìí. BandLab kì í gbowó, ẹ lè gba ohùn sí i ní ẹsẹẹsẹ, kí ẹ tò ó léra. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń tọ́jú iṣẹ́ sí, torí náà ẹ ṣọ́ dátà yín. Ẹ fi kọ́ bí èèyàn ṣe ń gé ohùn, bí ó ṣe ń gbé e síwá sẹ́yìn. Ìmọ̀ yẹn á bá yín dé orí laptop.

FL Studio ni gbogbo wa níbí ń lò fún bíìtì. Ilé-iṣẹ́ kan ní Bẹ́ljíọ̀mù ló ṣe é, FruityLoops ni wọ́n ń pè é nígbà tó jáde ní 1997. Ẹni tó bá rà á lẹ́ẹ̀kan kò ní sanwó mọ́ fún ẹ̀dà tuntun láéláé. Ṣùgbọ́n ẹ mọ nǹkan méjì kí ẹ tó wọ inú rẹ̀. Àkọ́kọ́, ti ọ̀fẹ́ tí ẹ máa fi dánra wò yóò jẹ́ kí ẹ save iṣẹ́, kò ní jẹ́ kí ẹ ṣí i padà tí ẹ bá ti pa á, àyàfi tí ẹ bá rà á. Nítorí náà ẹ rí i pé ẹ export ohun tí ẹ bá ṣe sí WAV, ìyẹn fáìlì ohùn lásán, kí ẹ tó dìde. Èkejì, èyí tó kéré jù lówó nínú wọn, tí wọ́n ń pè ní Fruity Edition, kì í gba ohùn èèyàn sílẹ̀. Producer Edition ni ẹni tó ń ké ewì máa rà. Mo mọ ẹni tó ra ti àkọ́kọ́ láìbéèrè.


Ẹnjiníà Kínnírà

Òótọ́ ni àbúrò sọ. Kí n fi kún un: fún ewì àti ìlù nìkan, Audacity tó. Ọ̀fẹ́ ni, láti ọdún 2000 ló ti wà, laptop tí kò lágbára pàápàá á gbé e. Bí ẹ bá ń fẹ́ èyí tó jinlẹ̀ sí i, ẹ gba Reaper wálẹ̀. 60 ọjọ́ ni wọ́n fún yín láti fi dán an wò, kò sì sí ohun tí wọ́n tì pa nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, 60 dọ́là ni fún ẹni tó ń ṣe é nílé bíi tiyín. Èmi fúnra mi, Reaper ni mo fi ń gba ohùn, FL Studio ni mo fi ń ṣe bíìtì.


Ìyá Akọrin

Adúnní ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Èmi kò mọ̀wé kọ̀ǹpútà tó àwọn ọmọ yìí, ṣùgbọ́n ó ti pé ọdún mẹ́fà tí mo ti ń gba orin àwọn akọrin wa sílẹ̀ nínú pálọ̀ mi ní Máṣìfa.

Wákàtí ló ń kọ́ni. Láti aago kan òru sí aago mẹ́rin ni ilé wa máa ń dákẹ́. Kí ó tó di aago kan, jẹnẹrétọ̀ ń ké. Lẹ́yìn mẹ́rin, àkùkọ á bẹ̀rẹ̀, ìpè ìrun á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni àwọn ẹlẹ́rọ ìlọta á ṣí ṣọ́ọ̀bù. Bí òjò bá ṣú, ẹ má gbé máìkì jáde rárá, torí òjò orí páànù, kò sí ohun tí a lè ṣe sí i.

Ẹ pa fáànù. Ẹ yọ fíríìjì kúrò nínú iná. Lọ́dún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀, a gba orin Àjíǹde odindi, ohùn mẹ́rin, àwọn ọmọ ti sunkún ti rẹ́rìn-ín, inú wa dùn. Àfi ìgbà tí mo fi hẹ́dífóònù sétí lọ́jọ́ kejì tí mo gbọ́ "hùùù" láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Fíríìjì mi ni. A tún gbogbo rẹ̀ gbà. Láti ọjọ́ náà, kọ́kọ́rọ́ ilé ni mo máa ń jù sínú fíríìjì tí mo bá ti yọ ọ́, kí n má baà gbàgbé láti tan án padà, kí ẹran má baà bàjẹ́, torí mi ò lè jáde nílé láìmú kọ́kọ́rọ́.

Ṣájà laptop náà ń hó. Iná wa ń lọ ó ń bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lọ́nà márùn-ún láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní 50Hz, bí wáyà kò bá dára ẹ máa gbọ́ ọ bí oyin tó wà nínú ìkòkò. Ẹ gba agbára kún laptop tẹ́lẹ̀, ẹ yọ ṣájà, kí ẹ fi bátìrì ṣiṣẹ́. Fún èémí tó máa ń bú lu máìkì tí a bá pe "b" tàbí "f", ẹ na ìbọ̀sẹ̀ obìnrin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí háńgà tí ẹ ti tẹ̀ ní róbótó, ẹ gbé e sí àárín ẹnu àti máìkì. Ẹ na àtàńpàkò àti ọmọńdinrín yín: bí ẹnu yín ṣe máa jìnnà sí máìkì tó nìyẹn.


Onílù Akẹ́sán

Mo kí yín láti Ọ̀yọ́. Ọ̀rọ̀ ìlù Bàbá ló mú mi dá sí i. Ìdílé àyàn ni mí, mo sì ti jókòó sí ẹ̀gbẹ́ àwọn tó ń gba ìlù sílẹ̀ títí.

Ohun tó sọ ìyáàlù di ike, nǹkan mẹ́ta ni, ó sì dá mi lójú pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n ṣe.

Ìkíní, wọ́n ki máìkì bọ ojú awọ gan-an, níbi tí kọ̀ǹgọ́ ti ń balẹ̀. Níbẹ̀, "pá" kọ̀ǹgọ́ nìkan ni ẹ máa gbọ́. Ohùn ìyáàlù kì í ti ojú kan jáde. Awọ méjèèjì àti igi tó wà láàárín wọn ló jọ ń dún, ohùn náà sì nílò àyè díẹ̀ kó tó pé. Ẹ gbé máìkì sí ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà méjì sí mẹ́ta, kí ó wo etí awọ, kí ó má wo àárín rẹ̀. Kí Bàbá gbé ìlù kọ́ èjìká bí wọ́n ṣe ń gbé e lóde, kí wọ́n dúró bó bá rọrùn fún wọn, torí apá òsì tó ń fún ọsán ló ń sọ̀rọ̀, bí ẹ bá ká wọn mọ́ orí àga, ìgbọ̀nwọ́ wọn ò ní ráyè.

Ìkejì, ṣaworo. Ṣaworo etí ìyáàlù ń dán létí èèyàn, ṣùgbọ́n bí máìkì bá wà ní ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n pọ̀ sí, wọ́n á ta bí abẹ́rẹ́. Ẹ má tú wọn. Mo ti rí ẹni tó ní kí àyàn tú ṣaworo kúrò lára ìyáàlù, kò dára bẹ́ẹ̀. Ẹ kàn yí máìkì díẹ̀díẹ̀ kí ẹ máa gbọ́ ọ nínú hẹ́dífóònù títí á fi rọlẹ̀.

Ìkẹta ló burú jù. Wọ́n fi gate sí i, ìyẹn irinṣẹ́ tó ń pa ohùn mọ́ nígbà tó bá ti rẹlẹ̀. Wọ́n rò pé ariwo ni àwọn ń gé. Ẹ wò ó, kọ̀ǹgọ́ á balẹ̀, Bàbá á wá fún ọsán lẹ́yìn ìgbà tó ti balẹ̀, ohùn á gòkè láti ìsàlẹ̀, tàbí kó wálẹ̀ láti òkè, bó ti ń kú lọ. Ibi tó ti ń kú lọ yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó gé e ti gé ahọ́n ìlù. Ẹ má fi gate sí ìyáàlù láéláé.

Lórí ojú ọjọ́: lásìkò òjò, awọ á dẹ̀; lásìkò ọyẹ́, á gbẹ, á le. Ẹ jẹ́ kí Bàbá tọ́jú rẹ̀ kí ẹ tó tan nǹkan kan. Bí ìlù bá ti wà nínú yàrá tó gbóná fún wákàtí kan, ohùn rẹ̀ á ti yí kúrò níbi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Mo bẹ yín, ẹ má gba ewì lọ́tọ̀ kí ẹ wá ní kí Bàbá wá lu ìlù lé e lórí. Ìlù ń dáhùn ọ̀rọ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ rí ẹnu yín.


Ẹnjiníà Kínnírà

Ẹ̀gbọ́n Onílù, ẹ ṣeun gan-an. Ọ̀rọ̀ yín yí ìmọ̀ràn mi padà. Àǹtí, ẹ má ra interface onílé-kan mọ́, ìyẹn èyí tó ní ojú ihò máìkì kan ṣoṣo. Èyí tó ní méjì ni kí ẹ wá, irú Scarlett 2i2, kódà bó jẹ́ àlòkù, kí ohùn yín wà ní ojú ọ̀nà tirẹ̀, kí ìlù wà ní tirẹ̀. Ẹ̀yin àti Bàbá ẹ kọjú síra, kí máìkì tiyín kọ ẹ̀yìn sí ìlù, kí tiwọn náà kọ ẹ̀yìn sí yín. Díẹ̀ nínú ìlù á ṣì wọ inú máìkì yín. Ẹ fara mọ́ ọn, àwọn àgbà tí à ń gbọ́ lórí àwo àtijọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wà nínú yàrá kan náà.

Nípa bí ohùn ṣe máa lágbára tó nígbà tí ẹ bá ń gbà á: ẹ ní kí Bàbá lu èyí tó le jù lọ, ẹ wá yí kókó interface títí òkè ìlà tó ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú sọ́fítíwíà á fi máa dé nǹkan bíi -12 dB. Bó bá kan 0, á pọ́n, ohùn tó bá ti ya níbẹ̀ ti ya nìyẹn, bí omi tó dà nù. Ẹ gbà á ní 24-bit. Èyí máa fún yín láyè láti gbà á ní ìwọ̀nba kí ẹ wá gbé e sókè nígbà tó bá yá.


Adúnní Tákíè

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Mo pàtẹ́wọ́ ní yàrá mi lánàá, mo gbọ́ "tíín" yẹn! Mo gbé mátírẹ́ẹ̀sì nàró, mo so aṣọ òfì ìyá mi kọ́, mo tún pàtẹ́wọ́. Àtẹ́wọ́ náà kú síbẹ̀ ni.

Ìbéèrè méjì. Mo ń fi FL Studio ti ọ̀fẹ́ kọ́ bí mo ṣe máa to agogo kan sílẹ̀, kí n lè máa fi dánra wò nígbà tí Bàbá kò bá sí níbí. Gbogbo ohun tí mo bá tò ń já sí mẹ́rin-mẹ́rin, kò dà bí agogo wa rárá. Èkejì, àbúrò mi yá mi interface rẹ̀. Tí mo bá sọ̀rọ̀, ó ń pẹ́ kó tó dé etí mi nínú hẹ́dífóònù, ó ń da ahọ́n mi rú.


Ọmọ LAUTECH

Màámi, ojú àpótí tí FL Studio ń gbé fún yín, mẹ́rin-mẹ́rin ló pín in, 16 lápapọ̀. Agogo tiwa, méjìlá ni. Ẹ má lo àpótí yẹn. Ẹ ṣí piano roll, ìyẹn ojú ibi tí ẹ ti lè fi ohùn kọ̀ọ̀kan síbi tó wù yín, ẹ lọ síbi tí wọ́n kọ Snap sí, ẹ mú 1/3 beat. Beat mẹ́rin inú rẹ̀ á wá pín sí mẹ́ta-mẹ́ta, ó di méjìlá. Ẹ wá fi agogo sí ojú kìíní, ìkẹta, ìkarùn-ún, ìkẹfà, ìkẹjọ, ìkẹwàá àti ìkejìlá. Ẹ jẹ́ kó máa yí po. Ẹ fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀ sí ojú kìíní, ìkẹrin, ìkeje àti ìkẹwàá, ẹ máa gbọ́ ọ bó ṣe ń wọlé síra.

Tí ẹ bá ti tò ó tán, ẹ mú ojú kan tàbí méjì, ẹ sún un díẹ̀ kúrò lórí ìlà. Ọwọ́ èèyàn kì í balẹ̀ lórí ìlà.


Ẹnjiníà Kínnírà

Ti pípẹ́ yẹn: Windows ń gba ohùn yín la ọ̀nà jíjìn kọjá kó tó dá a padà. ASIO ni ọ̀nà àbùjá. Interface tó dára ní dírábà ASIO tirẹ̀ lórí ìkànnì ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Bí kò bá ní, ẹ wá ASIO4ALL, ọ̀fẹ́ ni. Lẹ́yìn náà ẹ wo buffer, ìyẹn ìwọ̀n ohùn tí kọ̀ǹpútà ń kó jọ lẹ́ẹ̀kan kó tó ṣiṣẹ́ lé e. Bó bá wà ní 1024, tí kọ̀ǹpútà ń ka ohùn yín nígbà 44,100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ti jẹ mílísẹ́kọ́ǹdù 23 nìyẹn ní ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, ohùn á lọ á tún bọ̀. Ẹ fà á sílẹ̀ sí 128, ó di nǹkan bíi 3. Bí laptop bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta "kẹ́kẹ́kẹ́", ó ti wúwo jù fún un, ẹ gbé e padà sí 256. Ìgbà tí ẹ bá wá ń ṣàtúnṣe tí ẹ kò gba nǹkan kan mọ́, ẹ lè dá a padà sí 1024.

Ẹ tún wo ara interface náà bóyá ẹ máa rí ibi tí wọ́n kọ Direct sí. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, inú àpótí yẹn ni ohùn yín ti máa yà wá sí etí yín, kò tún ní lọ kí kọ̀ǹpútà mọ́.


Akéwì Arọ̀jẹ

Ẹ̀gbọ́n mi Adúnní, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo ní, mo sì bẹ yín kí ẹ dì í mú.

Ẹnì kan máa sọ fún yín láìpẹ́ pé kí ẹ fi Auto-Tune sí ewì yín kó lè dà bíi ti ìgbàlódé. Ọdún 1997 ló jáde. Andy Hildebrand tó ṣe é ti kọ́kọ́ fi irú ìṣirò ohùn bẹ́ẹ̀ wá epo lábẹ́ ilẹ̀. Irinṣẹ́ tó dára ni fún orin tó ní dùùrù lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣe ni pé ó ń ti ohùn lọ sórí bọ́tìnnì dùùrù tó sún mọ́ ọn jù. Èdè wa kì í gbé orí bọ́tìnnì. Tí ẹ bá pe "rárà", "rà" ìkẹyìn kì í bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀: láti òkè ni ohùn ti ń yọ̀ wálẹ̀. Bí ẹ bá fi irinṣẹ́ yẹn sí eré tó yára jù, á gé yíyọ̀ yẹn kúrò. Mo ṣe é sí ewì mi kan nígbà tí mo ń bẹ̀rẹ̀. Mo ní mò ń sun rárà fún ìyá mi. Nígbà tí ìyá mi gbọ́ ọ, wọ́n béèrè pé kí ni mò ń sọ pé "rárá" sí. Mo pa á rẹ́ lójú wọn.

Tí orin bá wà láàárín ewì tí ẹ fẹ́ tún un ṣe díẹ̀, ẹ jẹ́ kó lọ́ra, kí ẹ sì fi ọwọ́ tún ibi kọ̀ọ̀kan ṣe. Ibi tí ẹ ti ń ké ewì gan-an, ẹ má fi kàn án.


Ẹlẹ́rọ Sábó

Mo ń tún laptop ṣe, mo kàn fẹ́ kìlọ̀. Ẹ má gba sọ́fítíwíà jíjí. Mo gbà á rí nígbà tí mò ń ṣe bíìtì, lórí ìkànnì tí wọ́n ti ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, lọ́jọ́ kan mo tan laptop, gbogbo fáìlì mi ti yí orúkọ padà, ìwé kan sì wà lójú rẹ̀ pé kí n sanwó kí wọ́n tó ṣí i fún mi. Orin ọdún mẹ́ta ló bá a lọ, pẹ̀lú ohùn ọ̀rẹ́ mi kan tó ti di olóògbé. Audacity wà lọ́fẹ̀ẹ́, Reaper ò wọ́n. Kò sí ìdí láti jalè.

Ohùn kan tí ẹ gbà ní 24-bit ní 44,100 ń jẹ nǹkan bíi 8MB ní ìṣẹ́jú kan. Ewì ìṣẹ́jú márùn-ún tó ní ojú ọ̀nà mẹ́wàá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 400MB. Kò pọ̀. Ẹ ra fúláàṣì méjì, ẹ kọ ọ́ sí méjèèjì, kí ọ̀kan má gbé inú ilé kan náà pẹ̀lú laptop. Mo kó tèmi sílé ìyá mi ní Apákẹ́.


Adúnní Tákíè

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ti kọjá, mo ní kí n wá jábọ̀.

Mo rí interface onílé-méjì rà, àlòkù, lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń lọ sí òkè òkun. Mo ra dynamic kan, mo yá ìkejì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Hẹ́dífóònù àti àwọn wáyà tẹ̀ lé e. Owó tán, àfi 14,000 náírà tí mo fi ra fúláàṣì àti dátà.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ọ́ tó kọjá, Bàbá sùn sọ́dọ̀ mi. Aago méjì òru mo jí wọn. Mo ti yọ fíríìjì (kọ́kọ́rọ́ wà nínú rẹ̀, ẹ ṣeun Mà), mo ti pa fáànù, laptop wà lórí bátìrì. Ooru mú wa. Bàbá bọ́ agbádá, wọ́n gbé ìlù kọ́ èjìká, wọ́n dúró síwájú mi. Mo gbé máìkì sí ẹsẹ̀ bàtà méjì, mo fi hẹ́dífóònù sétí, mo ní kí wọ́n lù. Ṣaworo ń ta. Mo sún máìkì sí ọwọ́ òsì wọn, ó ṣì ń ta. Mo gbé e wálẹ̀ díẹ̀, mo dojú rẹ̀ kọ etí awọ, ṣaworo sì rọlẹ̀. Mo gbọ́ igi ìlù náà bó ṣe ń dún nínú.

Wọ́n lu "Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété" fún mi láti fi dán an wò. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, títí dé ibi tí ohùn ti ń kú lọ. Mi ò fi gate sí i. Mi ò fi nǹkan kan sí i.

A gba ewì náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí àkùkọ tó kọ. Nígbà tó di ọ̀sán, mo gbé e lọ sínú Máíkírà ará àdúgbò wa kan, ó fún mi láyè kí n fi wáyà sí rédíò ọkọ̀ rẹ̀. Ohùn mi ga ju ìlù lọ níbẹ̀. Mo padà sílé, mo fa ohùn mi wálẹ̀ díẹ̀, mo tún gbé e lọ, ó dọ́gba.

Lálẹ́ ni mo tó fi hẹ́dífóònù sí Bàbá létí. Wọ́n di ojú wọn. Apá òsì wọn ń fún afẹ́fẹ́ bí ẹni pé ọsán wà níbẹ̀. Nígbà tó parí, wọ́n dákẹ́, ẹ̀rù bà mí, mo rántí ọjọ́ sítúdíò yẹn. Wọ́n wá bọ́ ọ kúrò létí. Wọ́n ní, "Ibi tí mo ti ń ki bàbá rẹ, ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí mi ò pè dáadáa. Ọwọ́ mi ti pẹ́ díẹ̀. Mo gbọ́ ọ." Wọ́n ní ká tún un gbà.

Sátidé tó ń bọ̀ la máa tún un gbà. Ẹ̀gbọ́n Onílù Akẹ́sán, àwọsánmà ti ń ṣú níbí, kí ni Bàbá lè ṣe sí awọ kó má baà dẹ̀ kó tó di òru?


Onílù Akẹ́sán

Kí wọ́n má gbé e sílẹ̀ lórí símẹ́ńtì, kí ẹ fi aṣọ gbígbẹ wé e, kí ẹ gbé e kọ́ sókè nínú yàrá tí ẹ ti máa lò ó, láti ìrọ̀lẹ́. Bó bá dẹ̀ síbẹ̀, kí Bàbá yá a díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná èédú, kí ó jìnnà, kí wọ́n sì máa fi ọwọ́ kàn án. Wọ́n mọ ìgbà tó bá tó. Ẹ bá mi kí wọn, ẹ ní ọmọ àyàn kan ní Ọ̀yọ́ ní kí wọ́n kú iṣẹ́.